Orí Kejì Okùn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹ jókòó síbi tí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí èèkàn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Ìwọ ni mò ń bá wí, Ṣàngótóyè. Dìde níbẹ̀. Èèkàn yìí ń gbọ́rọ̀, èmi àti òun sì ti jọ rin ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ pé Ọdẹ́níyì ti igbó dé, ẹ sì rò pé mo gbé ẹran wálé. N kò gbé ẹran wá lónìí. Ìtàn ni mo gbé wá, àti okùn tí ẹ rí lọ́wọ́ mi yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹran ju ìtàn lọ, ọ̀nà oko rẹ̀ kò dí.

Kò sí ẹni tí ó dìde? Ó dára.

Èmi nìyí, Ọdẹ́níyì ọkọ Àwẹ̀ró. Ẹfọ̀n tí ó bá gbọ́ ikọ́ mi a yà kúrò lọ́nà. Orúkọ mi ni àwọn iwin fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn kí wọ́n lè tètè sùn. Ṣàngótóyè, má rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ewúrẹ́ lé wọ inú àkùrọ̀ lójú gbogbo ayé! Kò sí ìkòkò kan ní ìlú yìí tí ẹtu mi kò tíì hó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran mi ni ẹ mọ̀, ẹ kò mọ̀ mí. N kò fi bú yín. Inú ahéré létí igbó ni èmi àti Àwẹ̀ró gbé títí ó fi kú, a kò sì bímọ. Lẹ́yìn tí ó kú, òjò wó ahéré náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni kan lónìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ẹ kò lé mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé rẹ̀ ni a ń sin àgbà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni ẹ óò sin mí sí? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bá jí ní àràárọ̀, òun náà ni mo máa ń bá sùn.

Baálẹ̀ ni ó ṣàánú mi. Ó pè mí, ó ní, "Ọdẹ, mú ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè yẹn kí o fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n o mọ àṣà wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ náà tí kò bá èèkàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ ìlú ni, kì í ṣe tìrẹ mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Ẹ óò pẹ́ lórí oyè."

Ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí náà ni. Gbogbo yín mọ bí ó ti dagẹrẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé àgbọn sílẹ̀ níbí, ìsàlẹ̀ odò ni yóò ti lọ mú un. Èmi nìkan ni mo gbé ọkọ́. Mo gé ibi tí ó ga, mo kó erùpẹ̀ rẹ̀ dí ibi tí ó rẹlẹ̀, mo sì fi ìtí igi gún un títí ó fi ki. Mo bu omi sínú ọpọ́n gígùn tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ níhìn-ín, mo gbé e kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí omi bá sún mọ́ ẹnu ọpọ́n níhà kan ju èkejì lọ, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ṣì ń tàn mí jẹ, mo tún gbé ọkọ́. Nígbà tí omi dúró jẹ́ẹ́ ní ibi gbogbo, mo jókòó ti ọpọ́n náà, mo ní, "Àwẹ̀ró, ó ti tẹ́." Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn, síbẹ̀ ó dùn mí.

Ọkọ́ kò bèèrè ẹnì kejì, ẹ̀yin ènìyàn mi. Okùn ni ó ń bèèrè. Ẹ mọ̀ bí a ti í ṣe é nílùú yìí. Onílé a di orí okùn kan mú, ẹlòmíràn a di orí kejì. Onílé a pè é: "Ṣé o dì í mú?" Ẹnì kejì a dáhùn: "Mo dì í mú." Nígbà náà ni a óò tó gbá èèkàn wọlẹ̀. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, onílé a ní, "Ó tó," ẹnì kejì a sì ju okùn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó di okùn mú fún ọ lè wọ ilé rẹ láìkágò. Ọjọ́ tí o bá sì kú, òun ni yóò kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ sàréè rẹ.

Mo wá ẹni tí yóò dì í mú fún mi. Alágbẹ̀dẹ ní iná wà lẹ́nu ẹwìrì. Ṣàngótóyè ní ebè iṣu ń retí òun. Àwọn yòókù ní ọ̀la. Mo mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀la yẹn: arúgbó ni mí, ta ni ó fẹ́ di okùn mú lónìí kí ó gbé ọkọ́ sàréè láìpẹ́? N kò bá yín jà. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n ejò náà ni ó yan ìrìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo so orí kejì okùn mọ́ kùkùté ìrókò tí ó wà létí igbó yẹn, mo di orí kan mú, mo sì ṣe ohun tí a kì í ṣe. A kì í pe ẹni tí kò sí ní orí kejì okùn. Gbogbo ọmọdé ìlú yìí ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti wúwo, ó ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé o dì í mú?"

Ohùn kan dáhùn láti inú igbó: "Mo dì í mú."

Irun orí mi dìde. Mo wo kùkùté, okùn kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ti wọ inú igbó lọ, ó le gbagidi, ẹnì kan sì ń fà á. Ọdẹ mìíràn ìbá jù ú sílẹ̀ kí ó sá. Èmi kò sá. Ẹ má rò pé akin ni mo fẹ́ fi hàn níbí o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akin ni mí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti pe ènìyàn tí ènìyàn dá mi lóhùn. Mo di okùn mú, mo tẹ̀ lé e.

Okùn náà fà mí dé igbó kan tí kò ní ewé. Gbogbo igi ibẹ̀ kò ga ju itan mi lọ, orí wọn ti fọ́ bí orí èèkàn tí a lù ní òòlù, wọ́n sì tò lọ ní igun-igun títí ojú kò fi tó òpin wọn. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, n kò rí igbó tí ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ fi ìdí lé ọ̀kan nínú wọn, ni ó bá sọ̀rọ̀.

"Má jókòó lé mi o, bàbá. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo fò sókè, mo yọ ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi. Mo ní èmi Ọdẹ́níyì tí í fi ìrù ẹkùn lé eṣinṣin. Mo ní èmi tí ọ̀yà rí tí ó sọ pé òun náà ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀. Èèkàn náà fi sùúrù dúró kí n parí.

"O ti ṣe tán?" ni ó wí. "Àwa náà máa ń ki ara wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Ènìyàn ni gbogbo wa. A pe ẹni tí kò sí, ó dáhùn, a tẹ̀ lé e. Èmi Àkànó, èmi ni mo dé kẹ́yìn. Kò sí ilé kan láyé tí a jẹ́ igun rẹ̀."

Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá láìtú àlọ́ wọn. Gbogbo wọn fi ohùn kan wí pé, "Kí ni iṣẹ́ tí ènìyàn kò lè ṣe fún ara rẹ̀, bí ó lágbára tó erin?"

Mo ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Wọ́n ní rárá, onígbá lè kúnlẹ̀ kí ó fi orí gbé e. Mo ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, nítorí náà ènìyàn kò lè fá orí ara rẹ̀. Wọ́n ní rárá, ẹnì kan nínú àwọn ti fá tirẹ̀ rí, etí nìkan ni ó gé. Ìdáhùn náà ti wà nínú mi láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti kú, n kò kàn fẹ́ fi ẹnu mi sọ ọ́ ni.

"Kí ó sin ara rẹ̀," ni mo wí.

Gbogbo igbó náà mí kanlẹ̀. Àkànó ní, "Máa lọ. Bí o bá padà gba ibí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tíì padà rí, fà mí tu. Mo fẹ́ jẹ́ igun ilé kan kí n tó jẹrà." Mo ṣèlérí fún un, okùn sì tún fà mí lọ.

Ṣàngótóyè, o kò rẹ́rìn-ín mọ́? Dúró, èyí tí ó kù yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn ìyẹn ń jẹ́ Ìlú Dagẹrẹ. Àwọn baba ńlá wọn kò fi omi wo ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Wọ́n dúró, wọ́n fojú wò ó, wọ́n ní ó tẹ́. Gbogbo ilé ibẹ̀ ni ó fì sí apá òsì. Ẹsẹ̀ òsì àwọn ará ìlú náà gùn ju ọ̀tún lọ kí wọ́n lè dúró. Ìhà òsì àwo ni ọbẹ̀ wọn máa ń ṣàn lọ, nítorí náà, ibẹ̀ ni bàbá máa ń jókòó sí, àwọn ọmọ a máa fi òkèlè gbígbẹ gbọ́ ìtàn ọbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n a so ara wọn mọ́ òpó kí wọ́n má baà yí bọ́ sí ìta. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n figbe ta: "Ẹ wá wo ọkùnrin tí ó wọ́!"

Wọ́n wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ ọba wọn. Ọba ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kí ó tọ́."

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí omi ṣèdájọ́. Omi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni." Wọ́n bu omi sínú ọpọ́n. Omi náà kún dé ẹnu ọpọ́n níhà òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ti ọ̀tún. Ọba tẹjú mọ́ ọn, àwọn ìjòyè tẹjú mọ́ ọn, mo sì ń múra láti gba ìyìn. Ọba ní, "Háà, omi náà wọ́!" Ó ní kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n fi mí sílé ìyá arúgbó kan títí di àárọ̀, tí wọn yóò fi tẹ̀ mí.

Ìyá àgbà yìí ti ilẹ̀kùn, ó gbé àwo omi kékeré kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìlú yìí ni ó wọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ìlú ni ó wọ́."

"Tún un sọ."

"Ìlú ni ó wọ́, ìyá."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge ni òun ti mọ̀, òun kò sì rí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún. Omi inú àwo yìí ni òun máa ń wò láràárọ̀ kí ìlú tó jí, kí òun lè mọ̀ pé orí òun kò dàrú. Mo jókòó tì í, mo bá a wo omi náà. Lẹ́yìn náà ó da omi rẹ̀ sínú kèrègbè, ó gbé e fún mi, ó ní, "Bí o bá dé ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé ó tẹ́, da díẹ̀ sílẹ̀ kí o wo ibi tí yóò ṣàn sí." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Mo ní kí ó jẹ́ ká jọ lọ. Ó fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ hàn mí bí ó ti gùn tó. Ó ní, "Ọmọ mi, ibo ni mo fẹ́ gbé èyí rìn?" Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. N kì í fẹ́ rántí ibi tí a ti pínyà.

Okùn kò kúrò lọ́wọ́ mi, ó tún fà mí lọ; nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, mo dé ìdí rẹ̀. Pápá kan ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí òkúta, kò sí gegele. Ẹni tí ó dúró ní orí kejì okùn náà ga ju ọ̀pẹ lọ, ó tínrín, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àdádúró ni ó ń jẹ́. Ó ní, "O pè mí, mo sì dáhùn. Wá, ká na okùn."

A nà á. Mo pè, "Ṣé o dì í mú?" Ó ní, "Mo dì í mú." Mo gbá èèkàn. Mo tún pè, ó tún dáhùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti pa erin rí, mo ti bá iwin jìjàkadì rí, ṣùgbọ́n n kò gbádùn ohunkóhun lẹ́yìn ikú Àwẹ̀ró tó ìpè àti ìdáhùn yẹn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kò sí èyí tí ó wọ́. Mo ní, "Àdádúró, nígbà wo ni a óò po amọ̀?"

Ó ní, "Amọ̀ kẹ̀? A kì í kọ́lé níhìn-ín. Bí ògiri bá dúró, oníkálùkù a wọlé tirẹ̀, a ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò wá bá mi di okùn mú?" Ó fa èèkàn tu, ó ní ká tún bẹ̀rẹ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀. N kò lè sọ iye ìgbà. Mo mọ̀ pé òjò ń bọ̀ wá sórí ilẹ̀ mi nílé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè tí ó dáhùn, mo máa ń gbàgbé òjò. Ní ọjọ́ kan òùngbẹ gbẹ mí, mo ṣí kèrègbè ìyá àgbà, omi díẹ̀ ta sílẹ̀. Lórí pápá tí ó tẹ́ tó bẹ́ẹ̀, omi náà kò dúró. Ó ṣàn wá sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Mo wolẹ̀: ẹsẹ̀ mi ti rì dé ọrùn ẹsẹ̀, awọ rẹ̀ sì ti ń le bí èèpo igi. Ìgbà náà ni mo mọ ẹni tí ó sọ wọ́n di èèkàn, tí ó sì lọ gbìn wọ́n sínú igbó.

Mo wo Àdádúró. Mo fẹ́ bínú sí i, ìbínú kò wá. Ó di okùn mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ń retí kí n pè é. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ó tó."

Ó pariwo, "Má sọ ọ́!"

"Ó tó, Àdádúró."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi ju ẹran ẹfọ̀n lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí, okùn jábọ́, ilẹ̀ sì tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó jókòó. Ó bi mí pé, "Ta ni yóò wá dì í mú fún mi báyìí?" Mo ní n kò mọ̀. N kò mọ̀ ní tòótọ́. Mo ká okùn mi, mo gbé kèrègbè omi sílẹ̀ fún un kí ó lè ní ohun tí yóò máa wò, mo sì yí ẹ̀yìn padà kí ó má baà rí ojú mi. Bí mo ti ń bọ̀, mo fa Àkànó tu nínú igbó èèkàn. Ìyókù ń ké pè mí. Èjìká mi kì í ṣe ti ọ̀dọ́ mọ́, ẹyọ kan ni mo lè gbé.

Àkànó náà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ẹ tó dé ni mo ti gbá a wọlẹ̀. Òun ni igun àkọ́kọ́ ilé mi, ibi tí a óò ti na okùn sí àwọn mẹ́ta yòókù.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá nìyẹn. Ẹ gbójú sókè wo ìhà ibẹ̀ yẹn: òjò àkọ́rọ̀ ni ó ṣú yẹn. Orí okùn kan wà lọ́wọ́ mi. Orí kejì ni èyí tí ó wà nílẹ̀ láàrin yín, tí ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti àárọ̀. N kò ní fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá mú un yóò máa wọ ilé mi láìkágò, yóò sì gbẹ́ sàréè mi, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ́ ẹ. Mo ti pe iwin, iwin sì dáhùn. Lónìí, ènìyàn ni mo ń pè.

Ṣé o dì í mú?

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Ṣé o dì í mú?

Ta ni ó fa okùn yẹn? Ṣàngótóyè? Ṣàngótóyè, bí o bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi Àwẹ̀ró bẹ̀ ọ́, jù ú sílẹ̀. Kí ni o wí? Sọ ọ́ sókè, etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́.

"Mo dì í mú, Bàbá Ọdẹ."

Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ènìyàn? Àkànó, ṣé o gbọ́? Kò sí nǹkan tí ó ń ṣe mí, ẹ fi mí sílẹ̀, omi ojú lásán ni. Fà á le, ọmọ mi. Sún sí ọ̀tún díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an. Òjò ti ń kán, ẹ bá mi gbé òòlù wá. Rárá, Ṣàngótóyè, má jù ú sílẹ̀. N kò tíì sọ pé ó tó.